Páúdà Góòlù Tó Ń Lẹ̀ Káàkiri Ojú Káàdì: Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ọyẹ́ ní Adó-Èkìtì

Káàdì ìpè ìgbéyàwó 150 ni iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adó-Èkìtì ló gbà á, níbi tí ọ̀gá obìnrin kan àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ti ń fi ọwọ́ ṣe káàdì. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè ń là, ẹsẹ̀ ń funfun, aṣọ tí ènìyàn bá bọ́ lálẹ́ sì ń ta pẹ́pẹ́ nínú òkùnkùn. Páálí búlúù tó ṣú, 300 gsm (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí páálí ṣe nípọn tó), ni oníbàárà yàn. Ínṣì 5 sí 7 ni wọ́n gé e sí, pẹlẹbẹ ni, kò ní ìṣẹ́po. Orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ ni yóò wà lójú rẹ̀ ní lẹ́tà góòlù tó yọ sókè. Ìwé funfun tó ní ọjọ́, àkókò àti ibi ayẹyẹ ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Páálí 170 ni wọ́n gé, kí 20 lé nítorí àṣìṣe.

Nínú 40 àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, 36 ló bàjẹ́. Lẹ́tà yọ, ó ń dán, àmọ́ gbogbo ojú páálí tó yí i ká kún fún góòlù wínníwínní bí ìgbà tí ènìyàn fọ́n iyanrìn sí i. Iná sì ti yọ́ wọn mọ́ páálí, wọn ò ṣeé gbọ̀n dànù mọ́.

Bí iṣẹ́ ẹ́mbọ́ọ̀sì, ìyẹn iṣẹ́ lẹ́tà tó ń yọ sókè, ṣe ń lọ kò le. A ó fi òǹtẹ̀ rọ́bà tàbí ti sílíkónì gba íǹkì tí kì í tètè gbẹ, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, a ó da páúdà ẹ́mbọ́ọ̀sì bò ó nígbà tí íǹkì ṣì tutù, a ó da èyí tí kò lẹ̀ padà sínú agolo, a ó sì fi híìtì gọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, yọ́ èyí tó kù. Páúdà yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń fi pa ojú. Ohun líle kan tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tó ń yọ́ bí ooru bá kàn án, tó sì ń le padà bó bá tutù. Ibi tí íǹkì wà nìkan ló yẹ kó dúró sí. Bó bá dúró síbòmíràn, nǹkan mìíràn ló dì í mú, nǹkan mẹ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́: òróró, ọ̀rinrin, tàbí sítátíìkì, ìyẹn iná mànàmáná kékeré tí ìfarakanra máa ń kó sára ohun tó bá gbẹ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe

Ọ̀gá kọ́kọ́ rò pé páúdà ló ti pẹ́ jù. Wọ́n ṣí agolo tuntun, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, èyí tí irun rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ó ń fi gbá ojú páálí kó tó gbé e síná. Kò pẹ́ tó fi ké sí ọ̀gá rẹ̀: “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó. Mo gbá a kúrò níbí, ó tún fò lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀hún.” Inú ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ gan-an ni ìdáhùn wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọkàn sí i lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní kó túbọ̀ gbá a dáadáa.

Nígbà tí gbígbá ò ràn án, wọ́n rántí pé àwọn oníṣẹ́ káàdì máa ń sọ pé páúdà funfun ń pa sítátíìkì. Wọ́n mú páúdà ọmọdé, wọ́n da púpọ̀ rẹ̀ sójú páálí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Lóòótọ́, góòlù tó ń lẹ̀ káàkiri dín kù, àmọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò. Íǹkì ò kan páálí mọ́, orí páúdà ọmọdé ló dúró sí. Bí ìka bá fara kan orúkọ ìyàwó lẹ́yìn tó tutù, góòlù á máa bó. Gbogbo ojú páálí búlúù náà sì funfun, bí ẹni pé eruku ọyẹ́ ti bà lé e.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú páúdà ọmọdé yẹn yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe káàdì mọ̀ dunjú. Páúdà tó ń pa sítátíìkì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìwọ̀n tó wúlò kéré débi pé ojú ò gbọdọ̀ rí i lórí páálí. Bí ojú bá ti rí i, ó ti pọ̀ jù. Òórùn dídùn àti òróró tí wọ́n máa ń fi sínú páúdà ọmọdé mìíràn tún jẹ́ ìdí tí kò fi yẹ lórí páálí tó ṣú.

Kíka àbàwọ́n

Kí a tó wo àìsàn kan, ó yẹ kí a mọ èyí tó jẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Góòlù tó lẹ̀ síbi tí kò yẹ máa ń ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí yẹn ló sì ń sọ ohun tó fà á.

Bó bá jẹ́ sítátíìkì, wínníwínní ló máa ń jẹ́, ó máa ń tàn káàkiri, kódà níbi tó jìnnà sí lẹ́tà. Ó máa ń pọ̀ létí páálí, níbi tó ti fara ha ọ̀rá tí wọ́n fi dì í nígbà tí wọ́n ń fà á yọ. Bí ẹ bá na ìka sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbé e síná, àwọn kan nínú rẹ̀ á mì tàbí kí wọ́n fò. Bó bá jẹ́ òróró ọwọ́, ó máa ń dúró ní ìrísí ìka, pàápàá ní igun méjì tí ènìyàn fi ń di káàdì mú, kì í sì í mì. Bó bá jẹ́ etí òǹtẹ̀ tó gba íǹkì, ìlà tàbí àmì kan náà ni ẹ ó máa rí níbi kan náà lórí gbogbo káàdì. Ọ̀rinrin ní tirẹ̀ máa ń mú kí páúdà ṣù pọ̀ ní abala tó fẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ọyẹ́. Oṣù Òkúdu àti oṣù Agẹmọ ló ni ín.

Ọ̀nà tó yá jù lọ láti dá wọn mọ̀ ni kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ojú páálí kí iná tó kàn án. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí èémí ẹnu ní omi nínú. Rọ́bà kékeré tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ dára gan-an fún un, bó bá ṣáà ti jẹ́ tuntun tí inú rẹ̀ sì gbẹ. Èyí tí sítátíìkì dì mú á kúrò níbi tó wà, á sì lọ bà síbòmíràn lórí páálí kan náà. Èyí tí òróró tàbí íǹkì dì mú kò ní kúrò.

Nígbà tí wọ́n to káàdì 36 náà sílẹ̀ tí wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àbàwọ́n méjì ló fara hàn. Sítátíìkì wà lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n káàdì tó ju mẹ́wàá lọ tún ní ìka méjì-méjì ní ìsàlẹ̀. Òrí ni. Inú ọyẹ́ ni, kò sẹ́ni tí kì í fi òrí tàbí ìpara pa ọwọ́ kó tó jáde nílé láàárọ̀. Òrí tó bo ọwọ́ á bo káàdì.

Ìdánwò lórí àjákù

Wọ́n mú àjákù páálí kan náà, wọ́n gé e sí mẹ́fà. Wọn ò lo íǹkì rárá. Wọ́n kàn da páúdà góòlù sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dà á padà, wọ́n fi ìka ta ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹ́kù. Níwọ̀n bí kò ti sí íǹkì, kò yẹ kí ohunkóhun ṣẹ́kù.

Èyí àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá jáde, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fi rọ́bà olódòdó bò. Góòlù bo gbogbo ojú rẹ̀. Èyí kejì náà ti inú ọ̀rá jáde, àmọ́ orí pákó tí wọ́n tẹ́ bébà bíràwùn sí ni wọ́n gbé e lé. Ó dín kù díẹ̀, àmọ́ ó ṣì pọ̀. Ẹ̀kẹta ti sùn mọ́jú lórí pákó nínú yàrá tí wọ́n gbé abọ́ omi méjì sí: bí ẹyọ mélòó kan ló kù lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin náà sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó da páúdà sí i. Góòlù bò ó bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin yìí ló yanjú ọ̀rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wá ìwòsàn ló ń dá àìsàn náà sílẹ̀. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń gbá páúdà kúrò níbì kan, bẹ́ẹ̀ ni irun náílọ́ọ̀nù ń fi iná tuntun sára páálí, tí páúdà sì ń fò lọ bá a.

Ẹ̀karùn-ún ti inú ọ̀rá jáde, àmọ́ wọ́n fi àpò kékeré tí kọ́ńfúláwà wà nínú rẹ̀ nù ún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́: díẹ̀ ló kù. Ẹ̀kẹfà sùn mọ́jú, wọ́n sì tún fi àpò náà nù ún. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Bí nǹkan méjì bá fara kan ara wọn tí wọ́n sì yà, ọ̀kan máa ń gba iná díẹ̀ lára èkejì. Bí wọ́n bá fara ha ara wọn, iná náà á pọ̀ sí i. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iná náà lẹ́yìn èyí. Nígbà òjò, bébà àti páálí máa ń fa omi díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, ojú ò rí i, àmọ́ ó tó láti jẹ́ kí iná kékeré yẹn ṣàn lọ sórí tábìlì, sára ènìyàn, kó sì parí síbẹ̀. Nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti apá Àríwá bọ̀ máa ń fa omi yẹn jáde lára páálí. Iná náà ò wá rí ọ̀nà lọ mọ́, orí páálí ló ń jókòó sí. Páúdà ẹ́mbọ́ọ̀sì fúyẹ́, ó kúnná, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba iná bí a ti ń mì ín nínú agolo rọ́bà. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i tó ń gun ẹ̀gbẹ́ agolo lọ sókè.

Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ní agogo méjì ọ̀sán, 28 nínú 100 ló kà. Ní agogo méje àárọ̀, 44 ni. Bó bá ti ń wálẹ̀ kọjá 40, sítátíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọni lẹ́nu nídìí iṣẹ́ bébà. Èyí fi hàn pé ẹni tí kò ní owó ohunkóhun mìíràn ṣì lè ràn ara rẹ̀ lọ́wọ́ bó bá ń da páúdà láàárọ̀ kùtù, tó sì fi gígé àti lílẹ̀ sí ọ̀sán.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ibi tí iná ti ń wọlé ju mẹ́rin lọ: ọ̀rá tí wọ́n fi di páálí láti Ṣómólú ní Èkó, tí wọ́n ń fà wọ́n yọ nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, rọ́bà orí tábìlì, búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù, épúrọ́ọ̀nù tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ̀, tó jẹ́ pọliẹ́sítà, tí wọ́n sì máa ń di káàdì mọ́ra, àti fáànù tó ń fẹ́ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń gbẹ páálí sí i tó sì ń fọ́n páúdà àti eruku kiri.

Àtúnṣe

Páálí ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá, wọ́n gé ọ̀rá náà ní ẹ̀gbẹ́ dípò kí wọ́n fa páálí yọ, wọ́n sì tò wọ́n ní ìdúró láàárín igi kí afẹ́fẹ́ lè kàn wọ́n ní ojú méjèèjì. Abọ́ omi ẹlẹ́nu gbòòrò méjì ni wọ́n gbé sínú yàrá, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n ti fún dáadáa kọ́ sórí àga, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n pa fáànù. Nígbà tó di òwúrọ̀, ẹ̀rọ ń ka 52. Láàárín 45 sí 55 ló dára jù. Bó bá kọjá 60, páálí á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, páúdà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ nítorí ọ̀rinrin. Ẹ má wọ́n omi sí páálí, ẹ má sì gbé e lé táwẹ́ẹ̀lì tútù lórí. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó gbé omi fún un.

Tábìlì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ká rọ́bà olódòdó kúrò. Wọ́n da sọ́fútínà, olómi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀, bí ìdérí ìgò kan sínú omi lítà kan, wọ́n rì ìnulé òwú bọ inú rẹ̀, wọ́n fún un, wọ́n fi nu pákó tábìlì àti ìta agolo páúdà, wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ tán. Sọ́fútínà máa ń fi ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná jókòó. Orí tábìlì nìkan ni ẹ máa lò ó, kò gbọdọ̀ kan páálí, torí á ba íǹkì jẹ́. Bébà bíràwùn ni wọ́n wá tẹ́ sórí pákó, òun kan náà ni wọ́n ká bí àrọ tí wọ́n fi ń da páúdà padà sínú agolo. Bébà tí ẹnu rẹ̀ bá ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Épúrọ́ọ̀nù pọliẹ́sítà lọ sílé. Aṣọ òwú, àǹkárá lásán, ló dára. Ní ti òrí, kò sẹ́ni tó lè ní kí ènìyàn má pa á nínú ọyẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó ń di páálí mú á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, á sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú funfun. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò dára níbí, òun náà ń dá sítátíìkì sílẹ̀. Láàárín iṣẹ́ sí iṣẹ́, wọ́n tún máa ń fi ọwọ́ kan irin fèrèsé, kí iná tó ti kó jọ sára wọn lè bá ibẹ̀ lọ.

Àpò tó ń pa sítátíìkì

Oríṣiríṣi àpò báyìí wà tí wọ́n ń tà fún oníṣẹ́ káàdì, àmọ́ kì í sábà sí lọ́jà lọ́dọ̀ tiwa, kò sì pọn dandan. Aṣọ òwú funfun tó ti gbó, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìlo sọ́fútínà, ni kí ẹ gé ní ínṣì 6 níbùú àti lóròó, ní ìpele méjì. Ẹ da kọ́ńfúláwà ṣíbí ìjẹun 2 sí àárín rẹ̀, kọ́ńfúláwà funfun lásán, kì í ṣe kọ́sítáàdì aláwọ̀. Ẹ kó etí rẹ̀ jọ, ẹ so ó le. Ẹ gbá a lu àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí èyí tó pọ̀ jù lè jáde. Bó bá ti fi àmì funfun sílẹ̀ lórí àjákù tó ṣú, ẹ tún gbá a.

Lórí tábìlì mìíràn ni kí ẹ ti máa lò ó, jìnnà sí híìtì gọ́ọ̀nù, torí eruku ìyẹ̀fun tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lè gbaná. Ẹni tí àyà ń dùn kó fi nǹkan bo imú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó: ẹ̀ẹ̀kan lóròó, ẹ̀ẹ̀kan níbùú, láì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé páálí dúró, ẹ ta ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tán. Ẹ̀yìn èyí ni òǹtẹ̀ kàn. Kò sí ìgbà kankan tí àpò gbọdọ̀ kan páálí lẹ́yìn tí íǹkì ti wà lórí rẹ̀, torí íǹkì á gba kọ́ńfúláwà dípò góòlù, ibẹ̀ á sì ṣófo.

Òǹtẹ̀, dídà àti iná

Nínú ọyẹ́, íǹkì ẹ́mbọ́ọ̀sì tí kì í tètè gbẹ á tètè gbẹ. Ìdí nìyí tí títẹ òǹtẹ̀ sórí káàdì mẹ́wàá kí a tó wá da páúdà kò fi dára. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnì kan ń nu páálí, ẹnì kan ń tẹ òǹtẹ̀, ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú páúdà, kò sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó dà á. Ẹ bu páúdà sórí bébà bíràwùn bí ìkùnwọ́ kan, ẹ fi ṣíbí onírin bù ú sórí lẹ́tà títí á fi bò ó, kì í ṣe kí ẹ máa fa páálí kọjá nínú òkìtì páúdà, ìfarahà ni ìyẹn pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ẹ gbé páálí dúró gbagidi, ẹ fi èékánná ta ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta.

Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá ṣẹ́kù, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó jẹ́ irun ẹran, irú èyí tí wọ́n fi ń pa àtíkè ojú, ni kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ gbé e kúrò. Gbé e kúrò ni a wí, kì í ṣe gbá a.

Híìtì gọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ káàdì kì í fẹ́ púpọ̀, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi wáàtì 300 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé wáàtì 650 lè gbé e. Èyí tí àwọn kunlékunlé ń lò láti fi bó ọ̀dà máa ń tó wáàtì 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ yẹn kò ní lè gbé e, ìjì ẹnu rẹ̀ á sì gbá góòlù dànù kó tó yọ́. Ẹ̀rọ ìgbẹrun kò wúlò rárá: atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ kò tó.

Ẹ kọjú híìtì gọ́ọ̀nù síbòmíràn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20 kó lè gbóná tán. Atẹ́gùn tútù tó kọ́kọ́ ń jáde ló máa ń gbé páúdà fò. Ẹ wá fi igi tàbí irin kékeré di etí káàdì mú, ẹ fún un ní ooru láti ìsàlẹ̀, ní ínṣì 2 sí 3, títí tí góòlù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ibi tó bá ti dán, ẹ ṣí kúrò níbẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, góòlù á rì sínú páálí, á tẹ́, á sì dà bí òróró tó ta sílẹ̀. Nígbà tó bá tutù tán, aṣọ òwú gbígbẹ kan ló kù láti fi nu ojú páálí kí ìyókù kọ́ńfúláwà lè lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe parí

Páálí 134 ló kù nílẹ̀ nínú 170, oníbàárà sì ń retí 150. Káàdì tó ti bàjẹ́ ló gbà wọ́n. Níwọ̀n bí ìwé funfun ti máa bo ẹ̀yìn káàdì, ojú tó bàjẹ́ lè di ẹ̀yìn, ẹ̀yìn tó mọ́ lè di ojú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà góòlù tó ti yọ sókè kì í jẹ́ kí òǹtẹ̀ jókòó dáadáa lórí òdì kejì. Wọ́n gbé káàdì náà ní ìdojúbolẹ̀ sórí fóòmù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bébà wé, kí lẹ́tà àtijọ́ lè rì sínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ láti òkè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ́ góòlù tuntun, ojú òkè ni wọ́n fún ní ooru lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀, kí góòlù ìsàlẹ̀ má bàa yọ́ mọ́ nǹkan tó bá gbé e. Nínú 36 náà, 22 ló ṣeé lò. Ìyókù ti ká nítorí ooru tó pọ̀ jù, tàbí kí ẹnu abẹ ti ha wọ́n nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti fá góòlù kúrò. Fífá góòlù tó ti yọ́ kúrò lójú páálí tó ṣú kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Àpá rẹ̀ máa ń hàn ju àbàwọ́n lọ.

Marùn-ún ló bàjẹ́ nínú ìṣe kejì, sítátíìkì kọ́ ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bí kò ṣe òǹtẹ̀ tó yẹ̀. Wọ́n kó 150 jáde, wọ́n fi ẹyọ kan tó lé pamọ́ fún àpẹẹrẹ.

Ìyípadà tí ìgbà òjò ń fẹ́ kéré. Láti bí oṣù Igbe lọ, afẹ́fẹ́ Èkìtì máa ń ní ọ̀rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí abọ́ omi kò fi wúlò mọ́, kódà ó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Kí wọ́n kó o kúrò, kí páálí padà sínú àpótí tó ní ìdérí, kí wọ́n sì fi àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú agolo páúdà kí ó má bàa ṣù. Àpò kọ́ńfúláwà ní tirẹ̀ ṣì wúlò nígbà náà, pàápàá fún òróró ọwọ́, àmọ́ kọ́ńfúláwà inú rẹ̀ máa ń fa omi. Kí wọ́n máa dà á nù lóṣooṣù, kí wọ́n fọ aṣọ náà, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n tó bu tuntun sí i.